Adé Tí A Rí Nínú Ìdọ̀tí

Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní ọmọrí tirẹ̀. Bí ọmọrí bá kéré jù, yóò já sínú ìkòkò. Bí ó bá sì tóbi jù, kò ní jókòó dáadáa. Ohun tí gbogbo alásè mọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Omi, ṣúgà àti epo jẹ́ àkójọpọ̀ móléékù, èyíinì ni èérún tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Nínú móléékù kan, àwọn átọ́ọ̀mù so mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè tú wọn láìba móléékù náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdè mìíràn wà láàárín móléékù kan àti èkejì, èyí tí kò le tó ti àkọ́kọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì di ara wọn lọ́wọ́ mú: wọ́n lè jọ̀wọ́ ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pa. Ní 1894, Emil Fischer, ọmọ Jámánì, sọ pé ẹ́ńsáìmù inú ara àti ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní láti bá ara wọn mu bí kọ́kọ́rọ́ ti í bá àgádágodo mu. Ẹni tí ó wá fi irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ hàn wá nínú ohun tí a fi ọwọ́ ṣe kò tilẹ̀ wá a lọ.

Orúkọ rẹ̀ ni Charles Pedersen. Ilẹ̀ Kòríà ni a ti bí i ní 1904. Ọmọ Nọ́wè ni baba rẹ̀, ọmọ Japáàn sì ni ìyá rẹ̀. Láti 1927 ni ó ti wà ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, kò sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1961, ó ń gbìyànjú láti ṣe èròjà kan tí yóò lè di vanadium mú. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó fẹ́ lò kò mọ́. Ohun mìíràn ti dà pọ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá kan nínú 10. Ó mọ̀, ó sì lò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rí ní ìparí jẹ́ ìdọ̀tí tí ó kì bí oje igi, àti nínú rẹ̀, èérún funfun díẹ̀ tí ó rí bí fọ́nrán òwú, ìwọ̀n ìdá kan nínú 250 péré.

Ẹlòmíràn ì bá dà á nù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà yóò rí ìfun rẹ̀. Pedersen ṣàkíyèsí pé nǹkan funfun náà kì í fẹ́ yọ́ nínú mẹ́táńọ́ọ̀lù, àmọ́ bí èròjà sódíọ̀mù bá ti wọ inú rẹ̀, ó ń yọ́. Kí ni ó fà á? Òrùka átọ́ọ̀mù 18 ni móléékù náà. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọ́síjìn, ihò sì wà láàárín. Àwọn ọ́síjìn yìí ń fa sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù mọ́ra nítorí agbára iná mànàmáná tí ó wà lára wọn. Sódíọ̀mù kéré díẹ̀ fún ihò náà; pọtásíọ̀mù bá a mu wẹ́kú. Pedersen sọ òrùka náà ní adé, nítorí ìrísí rẹ̀, àti nítorí pé a lè dé e kí a sì ṣí i, láìba orí jẹ́, láìba adé jẹ́.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé iyọ̀ kì í yọ́ nínú epo. Ṣùgbọ́n bí pọtásíọ̀mù bá ti dé adé yìí, àwọn nǹkan olómi tí ó jọ epo a gbà á, bí àlejò tí ó wọ aṣọ onílé.

Ní 1967 ni Pedersen tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Jean-Marie Lehn ní ilẹ̀ Faransé àti Donald Cram ní Amẹ́ríkà mú un gbòòrò sí i; Lehn ni ó sì fún ìmọ̀ náà ní orúkọ ní 1978, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kẹ́mísírì tí ó rékọjá móléékù. Àwọn mẹ́ta jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1987. Pedersen ti di ẹni ọdún 83 nígbà náà; ó sì kú ní 1989.

Èrè ìmọ̀ yìí ti dé iyàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn dókítà a máa lo rocuronium láti mú kí iṣan aláìsàn dẹ̀, débi pé ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí. Ní 2008, a fọwọ́ sí sugammadex ní Yúróòpù. Òrùka ni òun náà, láti ara ṣúgà ni a ti ṣe é. Ó ń gba rocuronium sínú ihò rẹ̀, ó sì ń dì í mú, títí aláìsàn yóò fi lè máa mí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ohun tí a kò retí wá láti ibi ìdánwò kẹ́mísírì, ẹ má ṣe yára sọ pé kí ó dà á nù. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó rí.