"Má yí mọtọ́": Ohun tí títún ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 ṣe ní Yoko kọ́ mi nípa ọ̀rọ̀ àyálò

1. Ìfáàrà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́, tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi èyí tọ́ka sí ohun kan tí àwa tí a ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ máa ń gbójú fò.

Peugeot 504 ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń kó èrò láàrin Àjàṣẹ́ àti Pobè kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú. Ọdún púpọ̀ ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò ní agboolé wa ní Yoko, lábẹ́ Sakété, ní ẹ̀kùn Plateau, orílẹ̀-èdè Benin. Nàìjíríà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ èdè ni mo sì ń ṣe. N kò tú ẹ́ńjìnnì rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní bí mo bá lè mú un dún, tèmi ni. Mo lọ bẹ mẹkáníìkì àgbà kan ní àdúgbò pé kí ó máa darí mi, kí n máa fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Bàbá ni èmi yóò máa pè é nínú iṣẹ́ yìí.

2. Ẹ́ńjìnnì kan, ìlànà orúkọ méjì

A kò dìídì ṣe 504 fún eré-ìje. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìdílé. Síbẹ̀, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà ní 1975, irú rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì sì tún gbà á ní 1978. Sílíńdà mẹ́rin ni tiwa ní. Ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 88, písítìnì sì ń rin mílímítà 81 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣirò yìí ló bí 1971 tí wọ́n fi ń júwe títóbi ẹ́ńjìnnì náà.

Ní 1975 kan náà, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná. Nítorí náà, irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni mẹkáníìkì Abẹ́òkúta àti mẹkáníìkì Sakété ń tú, Yorùbá ni àwọn méjèèjì sì ń sọ nídìí rẹ̀. Àmọ́ àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889 ti fi ààlà sí àárín wọn. Ọ̀kan ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń yá a lọ́wọ́ Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ mẹ́ta. Irin tó bo àwọn sílíńdà lókè, "head" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ìyẹn orí. Tọ́pù sílíńdà ni ó di lẹ́nu mẹkáníìkì Nàìjíríà. "Culasse" ni Faransé ń pè é, ọ̀rọ̀ tí a fà yọ lára "cul", ìyẹn ìdí. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ ọkọ̀: ẹ̀yìn ìbọn, níbi tí ẹ̀tù ti ń gbiná, ni wọ́n fi ń júwe. Ohun kan náà, orí ni níhìn-ín, ìdí ni lọ́hùn-ún.

Èkejì ni púlọ́ọ̀gì, tí Faransé ń pè ní "bougie", ìyẹn àbẹ́là. Ẹ̀kẹta ni agolo irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀. "Sleeve" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, apá ẹ̀wù. "Chemise" ni ti Faransé, odindi ẹ̀wù. Nígbà tí mo bi Bàbá léèrè ohun tí ó jẹ́, ó ní: "Ẹ̀wù ni. Písítìnì ló wọ̀ ọ́, omi ló yí i ká." Gbólóhùn yìí ni mo fi mọ bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Agolo náà kì í ṣe ara irin ńlá. Ṣe ni wọ́n kàn kì í bọ̀ ọ́. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń kan ara rẹ̀ lóde, òrùka tín-ín-rín kan tó wà nídìí rẹ̀ ló sì ń dá omi náà dúró kí ó má baà ṣàn sínú ọ́ìlì.

3. Àṣìgbọ́ náà

Mo ti rí àmì tó yẹ kí ó kìlọ̀ fún mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rán ọmọ kan kí ó ra pẹtiróòlù wá, kẹrosíìnì ló gbé dé. Ọmọ náà kò ṣì mí gbọ́: "pétrole" ni orúkọ kẹrosíìnì ní Faransé, "essence" ni ti ọkọ̀. A rẹ́rìn-ín, a sì fi kẹrosíìnì náà fọ irin.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ti ki ẹ̀wù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun bọ ibi tí wọ́n ń gbé, pẹ̀lú òrùka ìdí wọn. A ti wọn bí ẹnu wọn ṣe yọ díẹ̀ kọjá ojú irin, nítorí pé yíyọ yẹn ni tọ́pù sílíńdà yóò tẹ̀ tí wọn yóò fi dúró pa. Ó ku kí a gbé tọ́pù lé e. Ìnáwó gbé Bàbá lọ sí Sakété. Bí ó ti ń lọ, ó ní: "Má yí mọtọ́ o, títí n ó fi dé."

"Mọ́tò" ni mo gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, a ti jọ sọ ọ́ pé ó yẹ kí a yí ojú ọkọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Mo rò pé ó ti yí èrò rẹ̀ padà ni. N kò fọwọ́ kan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi sípánà sí iwájú kíránkì, mo yí i, nítorí pé ó wù mí láti rí bí písítìnì mẹ́rin ṣe ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ti ń gòkè, méjì fa ẹ̀wù wọn lọ́wọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì wọ́n padà. N kò sọ fún Bàbá, nítorí n kò mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí n sọ.

Nígbà tí ó dé, a dì í pa. Ẹ́ńjìnnì náà dún, gbogbo agboolé sì hó. Kò pẹ́ tí Bàbá fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì ti funfun bí ògì. Omi ti wọ inú rẹ̀.

Ó bi mí pé: "Ṣé o yí mọtọ́ ni?" Mo ní: "Rárá, Bàbá. Ọkọ̀ kò kúrò níbi tó wà." Ó wò mí díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó ní: "Mọtọ́ rèé. Ọkọ̀ ni ìyẹn."

4. Ìtúpalẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló pàdé lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. "Mọ́tò" ti Nàìjíríà wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì "motor", ọkọ̀ ni ó túmọ̀ sí. "Mọtọ́" ti Bàbá wá láti inú Faransé "moteur", ẹ́ńjìnnì ni. "Mọtó" tí ó fi ń pe alùpùpù wá láti inú "moto".

Kò sí fáwẹ̀lì tó parí "moteur" nínú Yorùbá. Bàbá fi ọ rọ́pò rẹ̀. Sílébù Yorùbá kì í sì í ní kọ́ńsónáǹtì ìparí, nítorí náà "r" jábọ́. Ohùn ló kù tí ó lè là wọ́n dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì ń tẹnu mọ́ sílébù àkọ́kọ́ nínú "motor", èyí ló fún wa ní ohùn òkè níwájú àti ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn. Faransé ń tẹnu mọ́ ìparí, Bàbá sì gbé ohùn òkè síbẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohùn ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n etí mi ti mọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀, òun náà ni mo sì gbọ́.

Ẹnu ẹnì kan ni mo ti gba ẹ̀rí yìí. N kò fi ṣe òfin fún gbogbo Sakété àti Pobè.

5. Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, a máa ń nawọ́ sí nǹkan, a ó béèrè pé, "Kí ni ẹ ń pè é?" Bí mo bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, mo lè kọ "mọtọ́: ẹ́ńjìnnì" sílẹ̀, kí n sì tún ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mo dábàá kí a fi ìbéèrè méjì kún un: kí ni a máa ń ṣe sí i, kí sì ni a kò gbọdọ̀ ṣe sí i? Ìdáhùn wọn ni yóò mú ọ̀rọ̀-ìṣe jáde, irú bíi yí, tú, dì, tẹ̀, inú àwọn wọ̀nyí sì ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà. Kí a tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ilé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí a kọ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà sílẹ̀ báyìí.

A tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A ra òrùka ìdí tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá fi bóòtù àti wọ́ṣà tẹ ẹnu ẹ̀wù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ó ní kí n wá yí mọtọ́. Mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e, mo ní: "Èyí, Bàbá?" Ó ní: "Òun náà ni." Mo yí i, ẹ̀wù kankan kò mì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a gbé ọkọ̀ náà dé Pobè.