Ajá Tí Kò Ríran Mọ́



Bàbá ọdẹ kan lágbègbè Kétu ló fi ọ̀rọ̀ òní ránṣẹ́. Ó ní ajá tí òun àti ẹ̀ jọ ń ṣọdẹ láti bí ọdún 7 ti ń forí gbá àpótí, àwọn ará ilé sì ní kí òun pa á. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ mú òwú díẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òwú kì í dún bó bá bọ́ sílẹ̀, etí ò lè ran ajá lọ́wọ́. Bí ojú rẹ̀ ò bá tẹ̀ lé e, kò ríran dáadáa nìyẹn. Ẹ tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́, torí ajá mìíràn ń ríran lọ́sàn-án, àfi kí ilẹ̀ ṣú kó máa táràrà.

Kí ló ń fà á? Ọjọ́ ogbó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ajá àgbà lè dà bí ẹni pé èéfín bò ó, kó sì máa ríran síbẹ̀. Èyí tó funfun bíi wàrà nínú ọmọlójú ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Eṣinṣin inú igbó tí ń mu ẹ̀jẹ̀ náà ń kó àrùn kan ran ajá, ìbátan àrùn oorun ti èèyàn ni: ara á gbóná, ajá á rù, ojú á ṣú. Eégbọn náà ń kó àrùn tó ń dé ojú. Bí dókítà ẹran bá tètè rí àwọn wọ̀nyí, oògùn wà fún wọn.

Èyí tó kan ọdẹ jù ni ejò tí ń tu oró sójú. Ajá ló ń ṣíwájú, òun ló ń gbà á. Omi ni, omi tó mọ́, lójú ẹsẹ̀! Ẹ máa dà á sójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ho ojú, ẹ má sì fún oje ewé kankan sí i, mo mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Bí ojú bá wá lọ pátápátá ńkọ́? Imú àti etí ṣì wà. Ẹ má máa gbé àwo oúnjẹ àti omi rẹ̀ kiri. Ẹ má máa ṣí àpótí àti odó nípò. Ẹ bo kànga. Ẹ so ṣaworo mọ́ ọrùn ajá kejì, á máa tẹ̀ lé ìró rẹ̀. Okùn ni kẹ́ ẹ fi mú un jáde, nítorí zémìjàn. Kí àwọn ọmọdé pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àyà tó já ló ń mú kó buni jẹ. Kò ní ṣọdẹ mọ́, àmọ́ yóò ṣì gbó bí àjèjì bá wọlé lóru.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀rù. Bí ìwà ajá bá ṣàdédé yí padà, tí itọ́ ń dà, tó ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ má sún mọ́ ọn, dìgbòlugi lè ni. Bó bá ti bu ẹnì kan jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ má dúró kí ara ó ro ó.

Bàbá ọdẹ, tẹ́ ẹ bá ti dán òwú yẹn wò, ẹ ránṣẹ́ padà sí wa.