Nígbà Tí Iná Lé Ará Paradise

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Paradise, ní California, lọ́jọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àmọ́ ṣe ni òkùnkùn tún ṣú. Èéfín ni. Irin ìkọ́ kan tó ti gbó lórí òpó iná mànàmáná ló já nínú igbó, ló bá dá iná sílẹ̀. Atẹ́gùn líle sì gbé iná náà wọ̀lú.

Ọkọ̀ tò gbọọrọ lójú ọ̀nà Skyway. Àwọn kan já ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé kan tó kó ọmọ 22 bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n fà á ya, wọ́n fi omi rin ín, àwọn ọmọ sì fi bo imú. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni wọ́n lò lọ́nà.

Ènìyàn 85 ló kú, arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀ (ta ni yóò gbé wọn sá?). Ilé gbígbé àtàwọn ilé mìíràn tó jóná lé ní 18,000.

Àwọn tó yè pàgọ́ sí ìlú Chico, títí kan ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà Walmart. Ilé wá di ọ̀wọ́n níbẹ̀. Paradise tó ní nǹkan bí 26,000 ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò ní ju 4,764 lọ nínú ìkànìyàn ọdún 2020. Ọdún yẹn náà ni PG&E, iléeṣẹ́ tó ni òpó náà, gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi ikú ènìyàn 84 lára àwọn 85 náà. Lẹ́yìn iná náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri wáyà iná Paradise mọ́lẹ̀.