Kí Ló Ń Bá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Kékeré Jà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ń pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin wò.

Ní ìlú kékeré bí Ìsánlú-Ìsin nílẹ̀ Ìgbómìnà, bí ilé-ìwé kan bá lọ bá ti ìlú ńlá gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì gbá góòlù márùn-ún wọ àwọ̀n rẹ̀, èébú ni yóò kọ́kọ́ pàdé àwọn ọmọ náà. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá wọn jà. Ta ni yóò bèèrè iye bàtà tí wọ́n ní, tàbí ohun tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó wọ pápá? Kí a lè rí ìdáhùn tó yanjú, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ẹgbẹ́ wa ní Amẹ́ríkà.

Ní 1876 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Prairie View sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní Texas. Láti 1989 títí di 1998, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì yìí pàdánù nígbà 80 léraléra. Kò sí yunifásítì mìíràn ní Amẹ́ríkà tí irú rẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀ sí. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àyà ni wọ́n sì fi ń kọlu ara wọn.

Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n? Rárá o. Láàrin 1953 àti 1964, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gba ipò kìíní láàrin gbogbo yunifásítì ènìyàn dúdú. Kí ló wá dé?

Èkíní, nígbà tí àwọn yunifásítì ńlá ti aláwọ̀ funfun ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ènìyàn dúdú, wọ́n ṣa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ kó. Ohun rere ni ìlẹ̀kùn tó ṣí, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ló san owó rẹ̀.

Èkejì ni owó. Ní 1990, ọ̀ràn owó kò jẹ́ kí Prairie View gbá bọ́ọ̀lù rárá. Nígbà tí wọ́n padà ní 1991, kò sí sikọ́láṣípù fún agbábọ́ọ̀lù kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń bá figẹ̀ wọngẹ̀ ń fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni àárẹ̀. Nínú eré yìí, ẹgbẹ́ tó rí jájẹ a máa ní ènìyàn 11 fún ìkọlù, àti 11 mìíràn fún ìdènà. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní ènìyàn tó, ẹni tó kọlù náà ni yóò tún dènà. Kí eré tó parí, ẹsẹ̀ á ti wúwo.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò kọ pápá sílẹ̀. Àwọn afunfèrè ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí òkìkí wọn kàn káàkiri, kò sì dákẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1998, Prairie View fi máàkì 14 sí 12 borí Langston, yunifásítì ènìyàn dúdú bíi tiwọn. Ní 2009, wọ́n gba ife ẹ̀yà ìdíje wọn, èyí tí wọ́n ti gbà kẹ́yìn ní 1964. Nígbà náà, sikọ́láṣípù ti padà dé.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ìgboyà ló mú àwọn ọmọ náà dúró ní pápá, ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kò lè gba ife. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré bá tún ṣubú níwájú wa, kí á tó bú ẹsẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí á bojú wẹ̀yìn wo ọwọ́ tó yẹ kó bọ́ ọ.