Ọ̀rá Tó Jóná Nínú Oven: Ká Sun Ún Di Eérú Ni, àbí Ká Sọ Ọ́ Di Ọṣẹ?

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí sáyẹ́ǹsì tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Kérésìmesì dé, ní Tọ̀róńtò níbi tí mò ń gbé, mo ṣí oven mi, mo rí i pé ìdọ̀tí ti pọ̀ jù. Ọ̀rá tòlótòló, epo mọ́ínmọ́ín, ata ráìsì tó hó dànù, gbogbo ẹ̀ ti gan mọ́ ìsàlẹ̀ bí ọ̀dà títì. Àlejò méjìlá ń bọ̀. Mo ní ṣebí bọ́tìnnì Self Clean wà lára ẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ara ẹ̀ pa, gbàgà. Kò pẹ́ tí èéfín fi gba gbogbo ilé. Alámù ń ké, òtútù ìta ò jẹ́ ká lè ṣí fèrèsé fún ìgbà pípẹ́, ọmọ mi tó ní ikọ́ fée sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọlọ́run ló yọ wá pé inhaler rẹ̀ wà nítòsí. Nígbà tó fi máa di alẹ́, oven kú pátápátá. Ilé aládùúgbò la ti lọ yan tòlótòló ọdún yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Epo inú ìgò, ọṣẹ abọ́ àti omi gbígbóná máa ń ṣí i kúrò lára nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó ti gbóná léraléra nínú oven kì í ṣe epo mọ́. Ooru àti afẹ́fẹ́ ti mú kí àwọn mólékù rẹ̀ so mọ́ra wọn, bí ìgbà tí fọ́nrán òwú tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá di aṣọ híhun. Ohun kan náà ló ń mú kí ìkòkò irin dán, kó dúdú, tí oúnjẹ kì í fi í lẹ̀ mọ́ ọn. Lára ìkòkò, a fẹ́ ẹ. Nínú oven, ẹ̀gbin ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi kànìnkànìn ha á títí tí apá á máa ro yín, tí kò sì ní kúrò. Ọ̀nà méjì ló kápá rẹ̀: kí a sun ún di eérú, tàbí kí a sọ ọ́ di ọṣẹ.

Sísun ni iṣẹ́ Self Clean. Ilé iṣẹ́ General Electric ló gbé irú oven yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ó máa ń gbóná dé nǹkan bí 480 sí 500 dígírì Celsius, ìyẹn bí ìlọ́po méjì ooru tí a fi ń yan oúnjẹ, fún bíi wákàtí 2 sí 4. Eepá náà á jóná, púpọ̀ nínú ẹ̀ á fò lọ bí afẹ́fẹ́, ìyókù á di eérú díẹ̀ tí ẹ máa fi àkísà tútù nù. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí àfi tí oven bá tutù, torí ẹni tó bá ṣí i nígbà náà, iná á jó o ni.

Àṣìṣe mi ni pé mi ò kó ọ̀rá tó nípọn kúrò kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, kì í jó tán dáadáa; èéfín ló ń dà, àti carbon monoxide tí kò lóòórùn rárá. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣíbí onípáànù tàbí páálí kó èyí tó bá ṣeé kó. Ẹ yọ àwọn irin tí a ń gbé abọ́ lé, torí wọn ò ní dán mọ́ lẹ́yìn ooru yẹn. Ẹni tó bá ń sin ẹyẹ, kó gbé e kúrò nínú ilé pátápátá: tí ohun tí wọ́n fi Teflon kùn bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń pa ẹyẹ kíákíá.

Oven tèmi ńkọ́? Ẹni tó wá tún un ṣe fi fíúùsì kékeré kan hàn mí, tó máa ń gé iná tí ooru bá kọjá ààlà. Òun ló jó. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kéèyàn tẹ bọ́tìnnì yẹn nígbà tí àlejò bá ń bọ̀!

Ọ̀nà kejì, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọṣẹ dúdú, wọ́n á sun èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ omi gba inú eérú rẹ̀, wọ́n á wá fi omi yẹn se àdín. Omi eérú ló ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, tó ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Caustic soda tó wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn oven tí a ń fín, ẹbí omi eérú ni, àmọ́ ó le jù ú lọ. Ó ń se ọṣẹ lára ògiri oven, ẹ̀yin á kàn nù ún kúrò ni. Kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá tòlótòló àti ọ̀rá ara yín! Bó bá kàn yín lọ́wọ́ tí ó ń yọ̀, ara yín ló ń sọ di ọṣẹ yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má fín in sí irin tó ń gbóná, sí aluminium, tàbí sí okùn tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká. Bí oven yín bá ní Self Clean, ẹ ka ìwé ìlò rẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò gbà kí a fi òògùn yìí sí i. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù tí ògiri oven yín rí ṣákiṣàki, tí wọ́n ń pè ní catalytic, ẹ má fi ohunkóhun fọ ògiri náà. Ooru nìkan ni tirẹ̀.

Baking soda lèmi ń lò báyìí. Ẹbí kan náà ni, ṣùgbọ́n oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Mo máa ń fi omi díẹ̀ pò ó bí ẹ̀kọ tó ki, mo fi kun inú oven tó ti tutù, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó nù ún. Ibi tó bá le, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da fínígà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa hó lóòótọ́, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì á ti pa agbára ara wọn. Ìgbẹ̀yìn ni fínígà wúlò, láti fi nu ìyẹ̀fun funfun tó bá ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, ẹ tan oven náà lófìfo fún ogún ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá ṣì ń gbóòórùn fínígà, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tún un nù.