Bí Ọmọ Yín Bá Pàdánù Nínú Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò wá gbé e dìde; àgbà ń wo òkúta tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́la. Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, òwe yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí, nítorí eré kan tí ó ti wọ inú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, tí a sì ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa láìmọ ohun tí a lè bá wọn sọ nípa rẹ̀. Eré náà ni ṣẹ́ẹ̀sì.

Bí ẹ bá jẹ́ ìyá tí ń tajà ní Tejúoṣó, ẹ mọ bí ọ̀sán ṣe máa ń rí. Ọmọ ti ti ilé ìwé dé, ó ti jẹun, ó ti ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un, ó sì di dandan kí ó dúró ní ìsọ̀ títí a ó fi palẹ̀ ọjà mọ́. Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì kan lórí àpótí láàárín ọmọ méjì sàn ju kí wọ́n máa sáré kiri láàárín ọkọ̀ ní ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ẹkún. Wọ́n ti pa ọ̀kan. Ó da ọpọ́n nù, ó ní ẹnì kejì rẹ́ òun jẹ, ó ní òun kò ta mọ́ láéláé. Ohun tí ẹ bá sọ lẹ́yìn ẹkún yìí lè sọ ọmọ náà di akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Ó sì lè sọ ọ́ di ẹni tí ń fi àdánù rẹ̀ pa mọ́.

Ìbéèrè tí kò ran ọmọ lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbéèrè kan ṣoṣo wà lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ìwọ lo borí?" Bí ọmọ bá ní òun kọ́, ìbéèrè kejì yóò tẹ̀ lé e: "Ẹni tí ó borí rẹ, ṣé orí méjì ló ní?" A kò sọ ọ́ pẹ̀lú ibi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe bá wa wí ni àwa náà ń bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ gbọ́. Ó gbọ́ pé ìtìjú ni àdánù. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ìtìjú, pípa mọ́ ni à ń pa á mọ́. Lónìí, ó fi eré tí wọ́n ti pa á pa mọ́. Lọ́la, ó fi ìwé ìdánwò tí ó ti gba òdo pa mọ́, ìyá kò sì ní mọ̀ títí ọdún yóò fi parí.

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n ti àwọn baba wa, ẹni tí ó pa ẹnì kejì rẹ̀ ni à ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí a pa ni òpè. Kò sí ọ̀ta kan tí kò jẹ òpè rí. Ibi tí ó jókòó sí tí wọ́n ń pa á ni ó ti kọ́ ọ.

Àwọn tí wọ́n ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹ kò ní ṣàì ti gbọ́ orúkọ Túndé Ọnàkọ̀yà. Ìkòròdú ni ó ti dàgbà, ilé onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò wọn ni ó sì ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tí ó wà ní kékeré. Nígbà tí owó ilé ìwé di ìṣòro, ìyá rẹ̀ gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwé kan kí ọmọ lè rí ibẹ̀ kàwé. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí Yaba College of Technology, tí kò jìnnà sí ọjà Tejúoṣó rárá. Ní ọdún 2018, ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní alátìlẹyìn ní ṣẹ́ẹ̀sì, ní Májídun ní Ìkòròdú, ní Màkókò, àti lábẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní ìlú New York láti fi kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé.

Ẹ tún gbọ́ ti Tanítolúwa Adéwùmí. Àwọn òbí rẹ̀ sá kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 2017 nítorí ìbẹ̀rù Boko Haram, wọ́n sì bá ara wọn ní ilé àwọn aláìnílé ní New York. Ilé ìwé rẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tí ń kọ́ni pé ọmọ òun fẹ́ràn eré náà ṣùgbọ́n àwọn kò ní owó. Wọ́n sì gbà á láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ sí ìdíje, máàkì 105 ni wọ́n fi díwọ̀n agbára rẹ̀, òun ni ó sì kéré jù láàárín gbogbo ọmọ tí ó wá. Ìyá rẹ̀ kò tìtorí èyí dá a dúró sílé. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ó ń mú un lọ sí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbà wọ́n tó wákàtí mẹ́ta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8, ó gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ New York fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láìpàdánù eré kankan. Ní ọdún 2021, tí ó di ọmọ ọdún 10, wọ́n fún un ní oyè ọ̀gá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò sí ọmọ tí ń gun irú àkàbà bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í pa lójú ọ̀nà.

Bí a ṣe ń wo ẹ̀yìn

Báwo ni ọmọ ṣe ń wo ẹ̀yìn nínú ṣẹ́ẹ̀sì? Ìwé àti bírò ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ fún un. Ilé 64 ni ó wà lórí ọpọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní orúkọ: lẹ́tà láti a dé h fún òòró, nọ́ńbà láti 1 dé 8 fún ìbú. Kí ọmọ máa kọ gbogbo ìṣísẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ta á. Ní ìdíje ńlá, òfin ni. Eré tí a kò kọ sílẹ̀ dà bí àwìn tí a kò kọ sílẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù ni yóò máa sọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tún eré náà ta láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́. Kì í ṣe ibi tí ó parí sí o. Ẹ jẹ́ kí a fi eré kan tí ó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ṣe àpẹẹrẹ. Funfun gbé ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ sí e4. Dúdú náà gbé tirẹ̀ sí e5. Funfun tètè mú ayaba jáde sí h5. Dúdú rí i pé ayaba fẹ́ jẹ ọmọ-ogun òun, ó gbé ẹṣin kan sí c6 láti ṣọ́ ọ. Títí dé ìhín, kò sí àṣìṣe. Funfun gbé bíṣọ́ọ̀bù sí c4. Inú Dúdú dùn nítorí ayaba tí ó wà ní gbangba, ó gbé ẹṣin kejì sí f6 láti lé e. Kíá, ayaba bọ́ sí f7, ó jẹ ọmọ-ogun ibẹ̀, ó sì dúró ti ọba gbágbáágbá. Ọba kò lè jẹ ẹ́, nítorí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣọ́ ayaba láti c4. Kò sì sí ibi tí ọba lè sá sí. Eré parí ní ìṣísẹ̀ kẹrin.

Ọmọ tí ń sunkún yóò ní ayaba ni ó pa òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayaba dé f7, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù jáde ni ó yẹ kí ó béèrè pé, "Kí ni eléyìí wá ṣe?" Ìbá ti rí i pé méjì ni ó dojú kọ f7, ọba nìkan ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Ìbá ti gbé ọmọ-ogun g7 sí g6, kí ó dí ojú ọ̀nà ayaba, kí ó sì lé e. Bí ayaba bá wá yípo sí f3 láti tún dojú kọ f7, nígbà náà ni ẹṣin yóò tó wá dúró ní f6 láti dí i. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ẹṣin kan náà ni, ilé kan náà ni. Àkókò ni ó yàtọ̀.

Lábẹ́ eré tí ó kọ, kí ọmọ kọ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́wàá: "Bí ẹnì kejì bá ti ta, kí n béèrè ìdí rẹ̀ kí n tó ta tèmi." Kí ó tún jókòó sí apá kejì ọpọ́n, kí ó ta eré náà ní ipò ẹni tí ó pa á.

Ohun mìíràn tí ń pa àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé wọ́n máa ń fi ohun ìní wọn sílẹ̀ láìṣọ́. Ọmọ ọlọ́jà yóò tètè lóye èyí bí ẹ bá fi owó ṣàlàyé fún un. Bí ọmọ-ogun bá jẹ́ náírà 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ náírà 3, ilé-ìṣọ́ jẹ́ náírà 5, ayaba sì jẹ́ náírà 9. Ọba kò ní iye, nítorí bí ó bá ti lọ, ọjà ti tú. Ẹni tí ó fi ayaba gba ẹṣin ti ta ọjà náírà 9 ní náírà 3. Ọmọ wo ní Tejúoṣó ni kò ní mọ̀ pé gbèsè nìyẹn?

Ipa ti ìyá

Ẹ lè sọ pé ẹ kò mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Kò burú, ó tilẹ̀ ṣàǹfààní. Ẹ jẹ́ kí omijé gbẹ ná, kí ọmọ mu omi, kí ara rẹ̀ balẹ̀, nítorí a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní, "Fi ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí." Nítorí pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, yóò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní; níbi tí ó bá ti ń ṣàlàyé, òun fúnra rẹ̀ yóò rí òkúta tí ó kọ ẹsẹ̀ sí. Bí ó bá borí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà, nítorí àṣìṣe ẹlòmíràn ni ó máa ń mú ni borí nígbà mìíràn.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ọjà Tejúoṣó jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, ọdún 2014 ni wọ́n sì ṣí tuntun. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà náà pẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní àdánù. Ìyá tí owó ọjà rẹ̀ kò pé ní ìrọ̀lẹ́ kì í da tábìlì nù. Yóò ṣí ìwé rẹ̀, yóò ka aṣọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi dé orí ìtàkùtà tí ó ṣi owó gbà tàbí àwìn tí kò kọ. Bí ó bá rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bí owó náà kò tilẹ̀ padà, nítorí ó ti mọ ibi tí yóò máa ṣọ́.

Ẹ kọ́ ọmọ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ni yóò gba ife-ẹ̀yẹ, bẹ́ẹ̀ ni eré kò gbọdọ̀ gba àyè ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mọ̀ pé òun lè mú eré tí wọ́n ti pa òun wá síwájú ìyá òun, kí àwọn méjèèjì jọ wá ibi tí ó ti bàjẹ́, yóò lè gbé ìwé ìdánwò tí ó gbòdo wá bákan náà. Bí ó bá sì dàgbà tí ayé fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ wá sọ fún.