Ọmọ Onílé, Ẹ̀jẹ̀ Àlejò: Ibà àti Àwọn Tó Ń Bọ̀ Wálé Ṣọdún

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé ẹbí ní Shasha, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún l'Ékòó á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ń bọ̀ láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, wọ́n ti mú ọjọ́ etíkun Àgbádárìgì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í mú dání ni oògùn ìdènà ibà. Bí ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ òyìnbó bá tẹ̀lé wọn wá, òun á ti lọ bá dókítà. Ọmọ onílé á ní òun àti ibà ti mọra láti kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ẹni tó bá ti gbé òkè òkun fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di àlejò ní Shasha, bí orúkọ bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba Odò Ọya lọ sókè. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ìrìnàjò náà. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó, iṣẹ́ sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ọkọ̀ lé ní 150, ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n James M'William, ọ̀kan nínú àwọn dókítà wọn, tó tẹ ìwé jáde lórí ìrìnàjò náà ní 1843, kíyè sí ohun kan: ìwọ̀nba àwọn adúláwọ̀ tí ibà náà mú ni àwọn tó ti lọ gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Crowther ní tirẹ̀, Sàró ló ń gbé kó tó wọkọ̀, níbi tí ibà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Síbẹ̀ ohun tí M'William rí kò tíì yí padà. Ẹni tí kòkòrò ibà ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra, ara rẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ibà á ṣì mú un, àmọ́ kì í sábà gbé e dé ojú ikú. Ààbò yẹn kì í ṣe ogún bàbá. Bí kòkòrò náà bá ti dáwọ́ wíwọlé dúró, díẹ̀díẹ̀ ló ń jò dànù, ọmọ tí a bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní in rárá. Ní 2023, ènìyàn 2,004 ni àyẹ̀wò fi hàn ní England, Wales àti Northern Ireland pé wọ́n kó ibà bọ̀ láti ìrìnàjò. Ní 2022, 1,369 ni wọ́n. Àwọn tó lọ kí ẹbí ní Áfíríkà ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lo oògùn ìdènà kankan.

Àwíjàre kì í tán. Ẹnì kan á ní AS ni jínótáìpù òun. Lóòótọ́, AS a máa dín agbára ibà kù, pàápàá lára ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í lé ẹ̀fọn, kì í sì í ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò. Ẹni tó bá jẹ́ SS wà nínú ewu tó ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn àgbà á rántí oògùn ìdènà tí wọ́n ń pè ní Sunday-Sunday, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí chloroquine kò ṣe ṣiṣẹ́ mọ́ tí Nàìjíríà fi yí sí oògùn ibà alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACT ní 2005, àmọ́ àwọn oògùn ìdènà tòní yàtọ̀ sí wọn. Àwọn mìíràn á gbé odindi ACT mì lọ́jọ́ tí wọ́n bá balẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti fọ ẹ̀jẹ̀. Ibà tó ti wà lára ni ACT ń wò. Kì í pẹ́ lára tó láti ṣọ́ ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ti àgbo, kò sẹ́ni tó ń bá a jà: èèpo igi ni kuníìnì ti wá, ara ewé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ yọ èyí tó ṣe kókó nínú ACT. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife dóńgóyárò kan?

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní ibà kò pọ̀ l'Ékòó mọ́. Wọn kò purọ́. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 bá ibà lára ọmọ 23 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Iye ti Èkó kéré sí èyí púpọ̀púpọ̀. Àmọ́ ta ló ń wálé tó ń dúró sí Èkó nìkan? Òkú ń bẹ láti sin n'Íjẹ̀bú, ìyàwó ń bẹ láti gbé l'Óǹdó. Ẹni tí ara rẹ̀ kò sì ní ààbò, ẹ̀fọn kan ṣoṣo ti tó o.

Àwọn ẹ̀fọn tó ń jáde láti inú gọ́tà Shasha, tí wọ́n ń kùn létí, kì í sábà ṣe àwọn ló ń gbé ibà. Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, fẹ́ràn omi òjò tó dá sílẹ̀, kódà nínú ojú ipa táyà. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, Anopheles melas, a máa yé ẹyin sínú omi oníyọ̀ etí ọ̀sà. Nítorí náà, atẹ́gùn etíkun kì í ṣe ààbò. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni Anopheles ń jẹni, òru ló sì ń jẹ jù. Ìdí nìyí tí nẹ́ẹ̀tì tí a ti rẹ lóògùn fi ṣe pàtàkì ju kọ́ìlì lọ. Kantíkantí inú yanrìn kì í gbé ibà ní tirẹ̀. Ìpara tó ní DEET, láti ìdá 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ń lé àwọn méjèèjì. Ìpara oòrùn ni kó ṣáájú, kí DEET tẹ̀lé e, kí a sì tún un pa nígbà tí a bá jáde nínú omi. Nínú àwọn oògùn ìdènà, atovaquone-proguanil ni èmi ì bá yàn fún oníṣeré omi: láti ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìnàjò, lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Doxycycline dára, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí oòrùn jó awọ ara, ó sì ń béèrè ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìrìnàjò. Mefloquine lè fa òòyì, kì í ṣe oògùn ẹni tó fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ òkun. Aláboyún àti ọmọdé, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ọyẹ́ a máa dín ẹ̀fọn kù, kì í lé wọn tán. Àwọn tó ń wálé fún Iléyá ló tún yẹ kó ṣọ́ra jù: ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu ló bọ́ sí ní 2025, ó ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, inú òjò ló sì máa wà fún ọdún díẹ̀ sí i. Bí ara bá gbóná nígbàkigbà láti ọjọ́ keje tí ẹ wọ ìlú títí di ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ padà, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tètè sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀.